Ogójì Àṣàrò Inú Àpótí Kẹtàdínlógún

Ohun tí ẹ ń fura sí yẹn náà ni. Bí àgbà ọ̀mọ̀wé kan bá ń yin ẹni tó kọ ìwé kan, tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tó ń yìn ín láàárọ̀, tó ń yìn ín lọ́sàn-án, tó wá ní kí wọ́n bá òun ṣèwádìí ẹni tí onítọ̀hún í ṣe, ẹ yáa mọ̀ pé ó ti yan ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ sílẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹbí rẹ̀ sì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ kí ẹni náà jẹ́ bàbá tó bí ìyá òun.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ka ìwé náà nìkan ló lè mọ ohun tó kọ lu ọkùnrin náà.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní ilé ẹ̀kọ́ gíga náà, ó sì ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìkàwé wọn, yàrá kan wà tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, Ìyá Àkójọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bó ti wù kí ọwọ́ rẹ mọ́ tó, ìyá yìí á ní kí o lọ fọ̀ ọ́, á tún yẹ àárín ìka rẹ wò bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ ọwọ́ ọmọ wò kó tó jẹun, kó tó jẹ́ kí o fọwọ́ kan bébà kan ṣoṣo. Lọ́dún yẹn, òjò gba àjà wọlé. Ibi tí Ìyá Àkójọ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń sá àwọn ìwé tó tutù ni wọ́n ti rí ìwé àkọsílẹ̀ pẹlẹbẹ kan nínú àpótí kẹtàdínlógún, àpótí tí wọ́n kó lẹ́tà àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ sí. Èèpo ẹ̀yìn ìwé náà ti ya lọ, ojú ewé àkọ́kọ́ ti jẹrà, tàdáwà dúdú tí wọ́n fi kọ ọ́ ti ṣàn létí létí. Ogójì àṣàrò ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó gùn jù nínú wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó ní òun fẹ́ wá gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí ènìyàn ṣe ń gbàdúrà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni olùtọ́sọ́nà rẹ̀. Obìnrin yìí ti rí ikú ju bí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti rí ìgbéyàwó lọ, kì í sì í yá a lẹ́nu láti sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìwé kún yàrá rẹ̀ dé àjà, àwọn mọ́kànlá tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló sì wà ní ọ̀gangan ibi tí ojú àlejò máa bá. Àga àlejò ti rì tipẹ́. O báà ga bí igi àgbọn, bí o bá ti jókòó síbẹ̀, òkè ni wàá máa wò, bí ẹni tó ń wo èso lórí igi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni káfíńtà ilé ẹ̀kọ́ ti ní kí òun bá a tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó fi í sílẹ̀, pé àga náà ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìrẹ̀lẹ̀. Àga tirẹ̀ ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ká sọ tòótọ́, olùtọ́sọ́nà rere ni. Ọ̀mọ̀wé mẹ́rìnlélógún ló ti tọwọ́ rẹ̀ jáde, fọ́tò gbogbo wọn wà lára ògiri, òun ló sì wà láàárín nínú gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣọ̀fọ̀, á lọ kí i nílé. Bí ọ̀kan bá tọ́ka sí ìwé tí kò kà, á gbọ́ òórùn rẹ̀. Àléébù tí wọ́n ń kà sí i lọ́rùn ò ju pé kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, á bá ọ parí rẹ̀, á sì dára ju èyí tí ìwọ fẹ́ sọ lọ. Ìyẹn ló ń dunni jù.

Lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì gbé ìwé náà wá, ìdúró ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wà tó fi ṣí i, gíláàsì rẹ̀ ṣì wà níwájú orí. Ojú tí wọ́n fi ń wo rìsíìtì ló fi wo ojú ewé tó kọ́kọ́ bá. Ló bá fa gíláàsì wálẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Mo ní kí n ka oore Rẹ. Mo na ìka mi sókè láti bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé àwọn ìka náà gan-an ni n ó kọ́kọ́ kà. Mi ò tíì kúrò níbẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó. Ó ṣí òmíràn:

"Bí O bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi, má wá ní títóbi Rẹ. Yàrá kan ni mo ní. Bí O bá sì wọlé, jọ̀ọ́, ṣe bí ẹni tí kò rí i pé mi ò gbálẹ̀."

Tíì tó wà níwájú rẹ̀ tutù, awọ bò ó lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan ilẹ̀kùn, wọ́n kàn án títí, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tó yá, ó dìde, ó rọra ti fèrèsé, àfi bíi pé ẹnì kan ń sùn nínú yàrá náà tí ariwo ìta lè jí. Ó bojú wo Nọ́ọ̀sì. "Nọ́ọ̀sì," ni ó wí. Kò rí nǹkan kan sọ tẹ̀lé e. Nínú ọdún mẹ́rìndínlógójì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ tí kò parí.

Láti ọjọ́ náà ló ti di pé kí ó tó sùn, á ka ọ̀kan. Bó bá jí, á ka ọ̀kan. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àdúrà ti di ohun tó ń ṣàlàyé fún àwọn ẹlòmíràn. Ó wá bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bí ọmọ ọdún méje, eékún ń dùn ún, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ó ń dùn ún.

Nọ́ọ̀sì náà ní tirẹ̀. Ó ṣì máa ń lọ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti di irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ọwọ́ òun kúrò níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò ràn án, àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ sí i létí, ó ka àṣàrò kejìlélọ́gbọ̀n fún un:

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, mi ò mọ ẹni tó gbà mí. Síbẹ̀, ọwọ́ ló gbà mí. Kó rí bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ."

Ìyá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó tú u lára irin, ó sì nà án síwájú, bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ròyìn èyí fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní kó tún un sọ. Kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tún nǹkan sọ rí. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó bojú wo ìwé mọ́kànlá tirẹ̀ lórí pẹpẹ. Wọ́n nípọn, wọ́n dára, àwọn tí oyè wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì máa ń tọ́ka sí wọn gidigidi. Kò sí ẹnì kankan tó tú ọwọ́ lára irin bẹ́ẹ̀dì nítorí ọ̀kan nínú wọn. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá àgbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Bí ènìyàn ò bá lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó kọ ọ́ máa ṣàn lára rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rántí pé aago ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá tó bí ìyá òun ń lù láyé àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó rántí pé ìyá òun máa ń sọ pé bàbá á jí láfẹ̀mọ́júmọ́, á sì lọ dá jókòó lẹ́yìn ilé. Ẹni tó ń jí láfẹ̀mọ́júmọ́ láti dá jókòó, kí ló tún kù tó ń ṣe? Ó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láago láti béèrè bóyá ìwé kankan kù nílé tí bàbá kọ.

"Bàbá àgbà wo ló kọ̀wé?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. "Ṣé èyí tó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀wé ni àbí o ní òmíràn níbi tí o ń gbé? Ìyá wa ló ń bá a ka lẹ́tà. Ikọ́ ló ń jí i láfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ̀yìn ilé ló ń lọ kí ó má bàa jí àwa ọmọdé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ní Ọjọ́bọ̀, ó sọ fún Nọ́ọ̀sì pé gbogbo rẹ̀ ti ń bá ara mu. Ọkùnrin tó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, tó wá fi í pamọ́ fún ìyàwó àti ọmọ, tó ń tẹ àtàǹpàkò láàárín àwọn ènìyàn! Irú ìrẹ̀lẹ̀ wo nìyẹn? Nọ́ọ̀sì gbójú sókè wo àjà, ó ní àwọn ò gbọdọ̀ yára.

Ṣùgbọ́n ara Ọ̀jọ̀gbọ́n ti yá. Ìparí oṣù kẹfà ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa gbé ìwé ogójì àṣàrò jáde ní títẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ sí i ti gùn ju ìwé fúnra rẹ̀ lọ. Ó ti sọ fún ọ̀gá àgbà, ó ti sọ fún àwọn atẹ̀wé, àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ti ń múra. Orúkọ tó máa wà lẹ́yìn ìwé nìkan ló kù, ẹ̀rí orúkọ náà sì ni Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wá, kó fi ṣe orí tó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ oyè rẹ̀. "Mi ò ní kí o parọ́ o," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún un. "Mo kàn ní kí o wá a dáadáa." Ẹni tó bá ti ní olùtọ́sọ́nà rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Nọ́ọ̀sì wá a dáadáa. Ó gbé ojú ewé kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó rí àmì ilé ẹ̀kọ́ wọn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú bébà náà láìfi tàdáwà sí i. Ó pe Ìyá Àkójọ kó wá wò ó. Ìyá ní kí wọ́n má gbé àmì yìí lọ síbi tó jìnnà, pé ojú òun ló ṣe dé. Ọmọ òun kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá nígbà náà, bébà tó ní àmì yẹn ò tíì ju ọdún márùndínlógójì lọ. Báwo ni ìwé náà wá ṣe dé àpótí àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀? Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní òjò tó wọlé lọ́dún yìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Nígbà kan rí, àpótí tó bá ti gbẹ ni wọ́n ń da ìwé sí, ẹni tó dà á síbẹ̀ sì ti lọ gba owó ìfẹ̀yìntì.

Báwọn ènìyàn ṣe ń gba ìròyìn pé bọ́ọ̀sì pẹ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe gbà á. Ó jókòó, ó ronú, ó ní ó ti yé òun: akẹ́kọ̀ọ́ kan ló dà á kọ láti inú ìwé bàbá àgbà. Kí Nọ́ọ̀sì wá ẹni tó dà á kọ. Ẹni náà á sọ ibi tó ti rí i.

Láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ojú ewé kan, kó sọ ìdí tó fi fẹ́ mọ̀ nípa Ọlọ́run. Fáìlì irínwó ó lé mọ́kànlá ló wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni obìnrin méjèèjì fi jókòó tì wọ́n, tí wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ sápá kan, lẹ́tà sápá kejì, tí wọ́n ń wo bí ọwọ́ ṣe rìn. Nígbà míì, wọ́n á gbàgbé ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ wo irínwó ọ̀dọ́ tó dìde láti ilé wọn, tí oníkálukú mú gègé, tó kọ̀wé sí Ọlọ́run nípasẹ̀ akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ pé òun ń bọ̀. Òmíràn ní ẹ̀rù ń ba òun. Òmíràn ní òun ti ta kẹ̀kẹ́ òun. Ìyá Àkójọ, tó ti ń nu eruku ara fáìlì wọ̀nyẹn láti ọdún yìí wá, ní òun ò mọ̀ pé ohun tó ń mí lòun ń nù.

Fáìlì ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́fà ni wọ́n ti bá ọwọ́ náà. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ti ń yẹ orúkọ aláìsàn wò kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Òun náà ni. Ó ka gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì náà dé ìsàlẹ̀, ó sì tì í sọ́dọ̀ Ìyá Àkójọ. Ìyá kà á, ó dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó pa fáìlì dé, ó dìde lọ fọwọ́.

"Báwo ni n ó ṣe gbé e fún wọn, ìyá?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè nígbà tó padà dé.

"Bí o ṣe ń gbé e fún ará ilé aláìsàn ni," ni ìyá dáhùn. "Kó wà ní ìjókòó. Ohun tí bébà bá sì ti sọ, má fi ẹnu tìrẹ sọ ọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ìdágbére, Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú fáìlì náà lábẹ́ apá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọ aṣọ oyè rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì ní kó jọ̀ọ́ jókòó.

"Mo rí i, sà."

"Ẹni tó dà á kọ?"

"Ẹni tó kọ ọ́ ni, sà. Kò dà á kọ lára ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ibí ni, ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lẹ́tà kan wà nínú fáìlì rẹ̀ tó kọ sí ọ́fíìsì nígbà tó ń lọ, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun wá ìwé òun, òun ò ní ẹ̀dà mìíràn. Ó ní ọdún tí ìyá òun dùbúlẹ̀ àìsàn lòun kọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

Bí bàbá àgbà ṣe kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, ikú wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹni tó sunkún. Nọ́ọ̀sì ń wo ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n bí ó ti máa ń wo ojú àwọn ènìyàn lójú iṣẹ́, ó ń retí ìbínú. Ìbínú kọ́ ló dé. Ohun tó yọ sójú ọkùnrin náà ni ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ti fèrèsé. Kì í ṣe ẹni àtijọ́! Ọmọ kékeré ni, nínú ilé yìí, lórí àtẹ̀gùn yìí, nígbà tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bóyá àwọn tilẹ̀ ti kíra rí. Ó ní òun máa ya ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà. Ó ní kò sí ìdágbére kankan tí òun ń sọ mọ́. Orúkọ ọkùnrin náà lòun máa dá lọ́jọ́ náà, ìwé rẹ̀ lòun máa kà láti orí dé ìdí, òun á sì jókòó. Nínú gbogbo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ nínú yàrá yẹn, èyí ló dára jù, Nọ́ọ̀sì sì mọ̀ pé òótọ́ inú rẹ̀ ni.

"Ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà láyé, sà. Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe."

"Aago ọwọ́." Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. "Ṣé ó ṣì ń kọ̀wé?"

"Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti kúrò níbí, òun ò kọ nǹkan kan mọ́."

Ó dun Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ eegun. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Ta ló jẹ́ kí irú ẹni báyìí lọ? Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n pè wá àbí kí ni?"

Nọ́ọ̀sì yọ fáìlì náà lábẹ́ apá. "Ó ní kí n bá òun kí yín, sà."

"Ó mọ̀ mí?"

"Ó mọ̀ yín dáadáa."

Kò ya Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu púpọ̀. Ìwé mọ́kànlá ò kéré. Àmọ́ inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ sì tutù bó ti na ọwọ́ gba fáìlì. Ó ka lẹ́tà àkọ́kọ́, ó rọra ń kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì: "Mi ò wá kí n lè mọ Ọlọ́run ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Mo wá kí ẹ lè kọ́ mi bí a ṣe ń dákẹ́ níwájú Rẹ̀ láìsùn." Ó gbójú sókè wo Nọ́ọ̀sì, omi ti lé sí i lójú. Ó ṣí èyí tó kàn, àti èyí tó kàn. Ó dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn.

Fọ́ọ̀mù èsì ìdánwò ni. Ẹ̀kọ́: Àṣàrò àti Àdúrà, ọdún kejì. Iṣẹ́ tó fi sílẹ̀: ìwé àkọsílẹ̀ kan, ogójì àṣàrò. Máàkì: mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ olùkọ́: kò ní ìjìnlẹ̀, kí ó padà sílé, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló fọwọ́ sí i.